Fẹlá Aníkúlápó-Kútì: Ọmọ tí ó jogún orin, tí ó sì jogún ìjà

Àwọn àgbà a máa wí pé òwú tí ìyá bá gbọ̀n ni ọmọ yóò ran. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣẹ mọ́ ẹnikẹ́ni lára láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun, olóògbé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni ẹni náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n ni pé ó jẹ́ olórin tí kì í bo àyà lórí ìtàgé, tí ó ń mu igbó láìfi pamọ́ fún ọlọ́pàá, tí ó sì gbé ìyàwó 27 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Kàdúná ní àwọn ọdún 1970 kò níláti túmọ̀ orin Fẹlá fún alábàágbé rẹ̀ tí ó jẹ́ Haúsá tàbí Ìgbò, nítorí pé bùrókìn ni ó fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ibi tí ìjà rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. A máa ń gbọ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́ bí a ti ń fi orin bá aláṣẹ jà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán. Ní Abẹ́òkúta tí a bí i sí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ja irú ìjà bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá tí ó bí i lọ́mọ sì ni aṣáájú.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni a bí i. Ilé tí a bí i sí kì í ṣe ilé tálákà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé tí orin ti ṣọ̀wọ́n. Bàbá-bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì, ni àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ sí àlùfáà tí ń fi orin wàásù. Ohùn tí etí Yorùbá gbà ni ó fi kọ orin ìsìn tirẹ̀, kò fi dandan lé ohùn òyìnbó. Nígbà tí bàbá yìí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, orin tí ó lé ní 40. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń wí pé ọmọ àlùfáà ya ìyàkuyà nígbà tí ó di olórin, kí ó rántí pé bàbá-bàbá ti ṣe àwo kí a tó bí ọmọ-ọmọ. Bàbá Fẹlá gan-an, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun, jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Ọwọ́ bàbá yìí kò fúyẹ́ lórí ẹgba. Ní ọdún 1955 ni ó papò dà.

Ìyá ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1900 ni a bí Fúnmiláyọ̀. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Abeokuta Grammar School, ó kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé ní ọdún 1922. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ni ó kọ́kọ́ kó jọ ní Abẹ́òkúta, àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà ọmọlúwàbí láàrin ara wọn. Nígbà ogun Hitler ni àwọn ìyá ọlọ́jà wá bá a pé àwọn aláṣẹ ń fi agbára gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn. Láti ìgbà náà ni ojú rẹ̀ ti là sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọjà. Ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, èdè Yorùbá nìkan ni ó sì ń sọ ní ìpàdé kí ó má bàa sí ìyá aláta kan tí ọ̀rọ̀ yóò fò lórí rẹ̀.

Owó-orí ni ó wá dá ìjà ńlá sílẹ̀. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọbìnrin tí ó bá ti pé ọdún 15 ni ìjọba ń gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ tàbí ti bàbá rẹ̀. Ìtìjú tí ó wà nínú rẹ̀ ju owó náà lọ, nítorí àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ láti wò ó bóyá ó ti tó ẹni tí ń san án. Bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyí kò ní aṣojú kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tú jáde, wọ́n dó sí iwájú ààfin Aláké Adémọ́lá Kejì, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n jí síbẹ̀. Wọn kò mú àdá, wọn kò mú ìbọn. Orin ni wọ́n mú lọ. Wọ́n fi orin bú ọba, wọ́n fi orin bú òyìnbó aláṣẹ, wọ́n ń dá a, wọ́n ń gbè é. Ní ọdún 1948, ìjọba dá owó-orí àwọn obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, ó di ìparí ọdún 1950 kí ó tó padà sí ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ mú ohun tí ó tẹ̀lé e yìí, nítorí pé yóò tún padà wáyé lórí ọmọ. Obìnrin tí ó fi orin lé ọba kúrò lórí ìtẹ́ kò rí àga jókòó sí nínú ilé aṣòfin. Nígbà ìdìbò ọdún 1959, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC tí ó ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ kò fún un ní àyè láti díje lórúkọ wọn. Ó díje fúnra rẹ̀, ó fìdí rẹmi, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Commoners' People's Party, tí kò pẹ́ tí ó fi ròkun ìgbàgbé. Orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà tí wọ́n fi orúkọ Lenin pè ní ọdún 1970. Nílé, kò rí ìbò tí ó tó.

Ọdún 1958 ni Fẹlá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà ni wọ́n rán an lọ kọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olikóyè àti àbúrò rẹ̀ Beko ti ṣe di dókítà. Ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity ni ó lọ forúkọ sí. Ó kó ẹgbẹ́ Koola Lobitos jọ níbẹ̀, ó fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún Taylor níyàwó, wọ́n bí Yẹni, wọ́n bí Fẹ́mi, ó sì kó wọn wálé ní ọdún 1963. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀. Orin háíláìfù tí ó lù pọ̀ mọ́ jáàsì nígbà náà dára, àwọn tí ó mọ orin gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa owó wọlé, kò sì sọ nǹkan kan tí ó gún ẹnikẹ́ni lára.

Ní ọdún 1969 ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Ní Los Angeles ni ó ti pàdé ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Sandra, tí ó ní àjọṣe pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ Black Panther. Sandra yìí ni ó fún un ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X kà. Ìtàn tí ó kà nínú rẹ̀ bí i nínú, ó sì jù ú padà sí ilé. Kàyéfì ni pé ọmọ ìyá tí ó ti bá ìjọba òyìnbó jà níláti kọjá òkun kí ó tó rí ìtumọ̀ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe. Bí ó ti padà dé ní ọdún 1970 ni orin rẹ̀ yí padà, tí ó di èyí tí a mọ̀ sí Afrobeat: ìlù tí Tony Allen ń lù, fèrè tí ń dún bí ìbínú, àti orin kan ṣoṣo tí ó lè gba odidi ojú àwo kan. Ó tún ṣe ìpinnu kan tí ó ju ti ìlù lọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì olówó sílẹ̀, ó dín Yorùbá kù, ó sì yan bùrókìn, kí alábàárù àti awakọ̀ lè gbọ́ ọ láti Èkó dé Àkúrá ilẹ̀ Gánà. Ìyá fi Yorùbá ṣe ìpàdé nítorí ìyá aláta. Ọmọ fi bùrókìn kọrin nítorí gbogbo ọjà ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìjọba kò pẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní ọdún 1974, ọlọ́pàá mú un nítorí igbó, wọ́n sì tì í mọ́ àtìmọ́lé Alagbon. Yàrá tí wọ́n fi í sí, Kalakuta ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ ń pè é. Nígbà tí ó jáde, ó fi orúkọ náà sọ ilé rẹ̀ ní ojú ọ̀nà mọ́tò Agége, ó ní orílẹ̀-èdè olómìnira ni. Bí wọ́n bá ti mú un báyìí, yóò fi ìmúni náà ṣe àwo tuntun. Bí àwo bá sì ti tà tán, wọn yóò tún wá mú un. Ní àárín ọdún wọ̀nyí ni ó yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, tí ó fi Aníkúlápó dípò rẹ̀, ẹni tí ó ní ikú nínú àpò. Ìyá rẹ̀, arúgbó tí ó ti lé ní 70 ọdún, yí orúkọ tirẹ̀ padà pẹ̀lú.

Àwo tí ó pe ní Zombie ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Ọdún 1976 ni ó ṣe é, sójà tí kò lè ronú fúnra rẹ̀ ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń fi orin náà tẹ̀lé sójà ní títì. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, lẹ́yìn ìjà kan láàrin àwọn ọmọ ilé rẹ̀ àti àwọn sójà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún sójà yí Kalakuta ká. Wọ́n lu ọkùnrin, wọ́n lu obìnrin, wọ́n sì hu ìwà tí kò ṣe é kọ sínú ìwé ìròyìn sí àwọn ọmọbìnrin inú ilé. Wọ́n lu Fẹlá dójú ikú. Wọ́n sọ iná sí ilé náà pẹ̀lú ohun èlò orin, pẹ̀lú orin tí ó ti gbà sílẹ̀ fún sinimá ìtàn ayé rẹ̀, pẹ̀lú ilé ìwòsàn tí Beko fi ń tọ́jú àwọn ará àdúgbò. Ìyá tí ó ti pé ọdún 76 wà lórí òkè. Wọ́n gbé e, wọ́n jù ú sísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Àbọ̀ tí wọ́n mú wá ni pé sójà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Fẹlá pe ẹjọ́, ó pàdánù. Ó fi ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ náà ṣe àwo, ó pè é ní Unknown Soldier. Ìyá kò gbádùn ara rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, ó sì dágbére fáyé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Ní ọdún 1979, nígbà tí ìjọba ológun ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti gbé agbára fún alágbádá, Fẹlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí ẹnu ọ̀nà bárékè Dodan tí olórí ìjọba ń gbé, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí àwọn obìnrin tí ó dó sí iwájú ààfin Aláké yóò mọ ẹni tí ó kọ́ ọ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé dípò kí ó máa pariwo níta. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, Movement of the People, ó ní òun yóò díje fún ipò Ààrẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kọ́ ni ó dá a dúró. Ẹgbẹ́ márùn-ún péré ni àjọ elétò ìdìbò, FEDECO, fi ọwọ́ sí: UPN, NPN, NPP, PRP àti GNPP. Ti Fẹlá kò sí nínú wọn. A kò lè sọ iye ìbò tí ì bá ní, nítorí kò sí ẹni tí ó rí àyè dìbò fún un. Ogún ọdún sí ìgbà tí ìyá kò rí àyè lọ́dọ̀ NCNC ni ọmọ kò rí àyè lọ́dọ̀ FEDECO. Nígbà àjọ̀dún FESTAC ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, tí Fẹlá kọ̀ láti bá ìjọba lọ́wọ́ sí, àwọn olórin àlejò ń yọ́ wá bá a ní Shrine rẹ̀ lálaalẹ́. Gilberto Gil láti ilẹ̀ Bràsíìlì wà lára wọn. Ní ọdún 2003, Gil di mínísítà àṣà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àlejò di mínísítà. Baálé tí ó gbà á lálejò kò rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò rárá.

Lọ́dọ̀ àwọn ológun tí ó tún gba ìjọba ni ìyà ti tún jẹ ẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, bí ó ti ń lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ ṣeré, wọ́n dá a dúró ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà nítorí 1,600 pọ́n-ùn owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ìjọba rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Fẹ́mi, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 22, gba ipò aṣáájú ẹgbẹ́ olórin. Àjọ Amnesty International ka Fẹlá mọ́ àwọn tí a tì mọ́lé nítorí èrò ọkàn wọn. Láti Kirikiri ni wọ́n ti gbé e dé Máídúgùrì, ìlú tí ó jìnnà sí Èkó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, kí ó má bàa sí ojú tí ó mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀ ni ó ti ṣàìsàn. Ìròyìn sì tàn ká pé adájọ́ tí ó dá a lẹ́bi lọ bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn àìsàn, ó sì tọrọ àforíjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, ìjọba tuntun dá a sílẹ̀.

Ìtàn yìí kò ní pé bí a bá fi ìyìn nìkan bò ó. Ẹni tí ìyá rẹ̀ fi gbogbo ayé jà fún obìnrin ni ó ṣe àwo Lady ní ọdún 1972, níbi tí ó ti fi obìnrin tí ó ní òun àti ọkùnrin dọ́gba ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ìyàwó 27 tí ó gbé ní oṣù kejì ọdún 1978, ó ní nítorí pé wọ́n bá òun jìyà ni, tí ayé sì ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó. Òótọ́ ni pé wọ́n jìyà, àmọ́ ilé tí ọkùnrin kan ti jẹ́ òfin kò jọ ilé òmìnira. Lẹ́yìn tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé, ó tú ìgbéyàwó náà ká, ó ní ọkùnrin kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ obìnrin di ohun ìní. Òwú ìyá ni ó ran; kò ran gbogbo rẹ̀.

Àìgbọ́ràn tí ó jẹ́ agbára rẹ̀ níwájú sójà di ewu fún un níwájú àìsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè, jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 títí di ọdún 1992, nínú ìjọba ológun tí Fẹlá kò dẹ́kun láti fi orin gún lára, ó sì wà lára àwọn tí ó kìlọ̀ fún Nàìjíríà nípa àrùn kògbóògùn Éèdì. Àbúrò ní irọ́ òyìnbó ni. Ó kọ kọ́ńdọ̀mù, ó fi orin bú u. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú, ní ẹni ọdún 58. Ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, Olikóyè jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé Éèdì ni ó pa àbúrò òun. Ní ilẹ̀ tí àwọn ẹbí ti máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ títí wọ inú sàréè, iṣẹ́ akọni ni ọkùnrin náà ṣe, ó sì gba ẹ̀mí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ ní ìtẹ́ ẹ̀yẹ ní Tafawa Balewa Square, níbi tí èrò pọ̀ dé tí a kò lè kà wọ́n, àti ọlọ́lá àti alábàárù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ni wọ́n sin ín sí iwájú ilé rẹ̀ ní òpópó Gbemisọ́lá, Ìkẹjà. Láti ọdún 2012 ni ilé náà ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, owó ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì wà nínú àtúnṣe rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá láti ìdálẹ̀ lè wọlé wo yàrá rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti aṣọ ìṣeré rẹ̀. Beko kò sí níbi ìsìnkú náà. Ìjọba Abacha ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n láti ọdún 1995 nítorí ìjà tí òun náà ń jà fún ìjọba alágbádá, ọgbà ẹ̀wọ̀n Katsina ni ó sì wà nígbà tí wọ́n ń da erùpẹ̀ bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó di ọdún 1998, lẹ́yìn ikú Abacha, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.